Òwe Tí N Kò Kó Bọ̀ láti Jàmáíkà

Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ajah ni wọ́n bẹ̀ mí níṣẹ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé mò ń lọ kí Tọ́pẹ́ ọmọ mi ní Jàmáíkà, olórí wọn dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Dádì, a gbọ́ pé ọgbọ́n kún inú òwe àwọn ará ibẹ̀. Ẹ bá wa kó wọn bọ̀, kí ẹ fi kọ́ wa bí èèyàn ṣe ń tún ayé ara rẹ̀ ṣe." Mo ní kò burú. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n kó nǹkan jọ kí n wá ṣàlàyé rẹ̀, ara mi máa ń yá.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti dé. Mo ti bá àwọn ọ̀dọ́ náà sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ mi kò sì fi bẹ́ẹ̀ tẹ́ wọn lọ́rùn, nítorí n kò mú òwe kankan bọ̀. N kò ní kọ ìkankan síbí náà. Ẹni tó bá bá mi dé ìparí á mọ ìdí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí n tó sọ̀rọ̀ ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi sílẹ̀ nílé. Láti ìgbà tí a ti sin Ìyá Tọ́pẹ́, ìyàwó mi, ni mo ti ti yàrá wa pa nílé wa ní Abraham Adésànyà. Orí àga gígùn inú pálọ̀ ni mò ń sùn. Bàtà rẹ̀, àpò rẹ̀, aṣọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà bó ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Rónkẹ́, àbúrò rẹ̀ tó ń yan ẹja tà ní Ajah, wá bá mi pé kí àwọn ẹbí wá pín ẹrù olóògbé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo ní kó ṣe sùúrù. Ó padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ìró kan ṣoṣo ló béèrè, àdìrẹ aláró kan tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ ń yá ara wọn ró nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge ní abúlé wọn létí ọ̀sà. Mo ní kó jẹ́ kí n ti ìrìn-àjò dé.

Ó wò mí títí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin nìkan kọ́ lọ̀fọ̀ ṣẹ̀ o."

Ó bọ́ síta. N kò rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nílé mi mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn yòókù nínú ẹbí wọn kò pè mí. Ohun tí mo gbé sọ́kàn wọ ọkọ̀ òfuurufú nìyẹn: bí mo bá dé tí n kò lè ṣí ilẹ̀kùn yẹn, mo ti pàdánù àwọn ará ilé ìyàwó mi tẹ̀ lé ìyàwó mi.

*Ẹni tí kò tọrọ gáfárà*

Owen, ọkọ Tọ́pẹ́, bá a wá pàdé mi. Ọkùnrin gíga tí kì í yára sọ̀rọ̀ ni. Ó gbá mi mọ́ra, ó gba àpò mi, ó sì ń pè mí ní Pápá.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni fèrè ọkọ̀. Ní Ajah, ẹni tó bá fun fèrè mọ́ ọ, ó ń bú ọ ni. Níbẹ̀, wọ́n ń fi í kí ara wọn, wọ́n ń fi í dúpẹ́, wọ́n sì ń fi í sọ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kọ́nà pé èèyàn wà níbí. Ọ̀nà náà há, ó ń lọ́ yí òkè ká, òkun sì ń yọjú nísàlẹ̀. Òkun kì í ṣe ohun àjèjì sí mi, àmọ́ tiwa ní Lekki kò ní òkè tó ń wò ó látòkè báyẹn.

Ó ti rẹ̀ mí. Mo béèrè bóyá a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Mo tún béèrè. Owen kò dá mi lóhùn tààrà. Ó pa òwe kan, ó sì ń wakọ̀ lọ.

Mò ń dúró. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá pa òwe níwájú ẹni tó jù ú lọ á tọrọ gáfárà: "Tótó, ó ṣe bí òwe o." Àgbà á wá dá a lóhùn pé á rí òmíràn pa. Mo ti ki èsì mi sẹ́nu. Owen kò tọrọ nǹkan kan. Ńṣe ló ń súfèé.

Tọ́pẹ́ rí ojú mi nínú dígí. "Dádì, wọn kì í ṣe é níbí."

"Wọn kì í ṣe kí ni?"

"Tótó."

Owen bi í léèrè ohun tí à ń sọ. Nígbà tí Tọ́pẹ́ ṣàlàyé tán, ó yí orí padà sí mi díẹ̀. "Ṣé kí n kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ kí n tó sọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni, Pápá? Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn ò nílò ẹ̀bẹ̀," ni Tọ́pẹ́ wí. "Ó ti mọ́ ẹ lára."

A rẹ́rìn-ín. Àmọ́ inú mi kò tíì rọ̀ sí i. Ìlú tí ọmọdé ti ń pa òwe fún àgbà láìwo ojú rẹ̀, mo ní kí n fara balẹ̀ mọ irú ìlú tó jẹ́.

*Ìṣin*

Ìlú kékeré kan lórí òkè ní agbègbè Portland ni wọ́n ń gbé, pẹ̀lú Miss Inez, ìyá àgbà tó tọ́ Owen dàgbà. Kò sí "ẹ" tàbí "wọ́n" nínú èdè wọn fún àgbà. "Miss" ni wọ́n ń fi síwájú orúkọ ìyá tó bá dàgbà, "Mas" ni ti bàbá, ó sì dùn létí ju bí mo ṣe rò lọ. Bí àlejò bá dé ẹnu géètì, kì í ké àgò. Ohun tó ń ké ni pé kí wọ́n mú ajá mọ́lẹ̀, yálà ajá wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Miss Inez kò ní ajá. Àràárọ̀ ni àwọn èèyàn ń dúró síta tí wọ́n ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n mú un.

Mo rò pé ohun tí mo mọ̀ nínú pijin Ajah á tó mi gbọ́ èdè wọn. Ìdajì ló tó. "Unu" ni wọ́n ń pe àwa tí a bá pọ̀ lójú kan, bí mo ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará Ìgbò tó ń ta páàtì mọ́tò nítòsí wa. Ibi tí mo bá ti sọ nù, Tọ́pẹ́ á túmọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé oúnjẹ kan síwájú mi: nǹkan aláwọ̀ ìyeyè bí ẹyin díndín, ẹja oníyọ̀ nínú rẹ̀, àlùbọ́sà àti ata. Mo bu ú sẹ́nu. Kì í ṣe ẹyin. Ahọ́n mi mọ̀ ọ́n, àmọ́ orí mi kò rántí. Mo tún bu ú. Bí mo ṣe gbójú sókè, mo rí igi náà lẹ́yìn ilé, èso pupa rẹ̀ la ẹnu, kóró dúdú ń dán nínú rẹ̀.

"Ìṣin!" Mo dìde. "Miss Inez, igi wa nìyí! Ẹ̀yìn ilé ìwé wa ní Ìjẹ̀bú ni a ti máa ń ṣa á jẹ nígbà tí a wà ní kékeré."

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Igi yín?"

"Ọ̀dọ̀ wa lápá ibẹ̀ ló ti wá."

"Báwo lẹ ṣe ń sè é?"

Mo ronú. "A kì í fi bẹ́ẹ̀ sè é. Àwọn ọmọdé ló ń jẹ ẹ́."

Miss Inez bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi ọwọ́ lu itan. "Owen! Wá gbọ́ o! Àwọn ló ni igi, wọn ò mọ̀ pé oúnjẹ ni!"

Lọ́sàn-án, mo lọ sídìí igi náà, mo na ọwọ́ sí ọ̀kan tí kò tíì là. Miss Inez pariwo láti ojú fèrèsé débi pé mo fà sẹ́yìn. Wọ́n jáde wá, wọ́n sì ṣàlàyé bí ẹni ń bá ọmọ tuntun sọ̀rọ̀: èyí tí kò bá tíì la ẹnu fúnra rẹ̀, májèlé ni, ó ń pa èèyàn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ là á fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ti là, wọn kì í fi í sílẹ̀ pẹ́, torí àwọn ẹyẹ àti èèrà kì í jókòó. "Ẹ̀yin ẹ máa wò ó láàárọ̀ láàárọ̀," ni wọ́n wí. "Ìyẹn nìkan ni iṣẹ́ ibẹ̀."

Mo ti ń gbọ́ òwe lẹ́nu wọn láti àárọ̀, nítorí náà mo yọ fóònù, mo tẹ ibi tó ń gba ohùn sílẹ̀, mo nà án sí wọn. "Miss Inez, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa òwe kan."

"Lórí kí ni?"

"Lórí ohunkóhun, Mà."

Wọ́n wo fóònù, wọ́n wo èmi. "Ohunkóhun ò tíì ṣẹlẹ̀."

Mo ṣàlàyé pé àwọn ọ̀dọ́ ní ìlú mi fẹ́ fi tún ayé wọn ṣe. Miss Inez béèrè bóyá mo máa ń lo oògùn ibà nígbà tí ara mi bá dá. Mo ní rárá. "Ẹ fẹ́ di òwe sínú àpótí bí ẹja oníyọ̀," ni wọ́n wí. "Tó bá fi máa dé ọ̀hún, iyọ̀ nìkan ló kù. Tí ẹ bá fẹ́ kó nǹkan lọ, ẹ kó ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ. Ẹ má kọ òwe mi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni." Mo ṣèlérí. Mo ti fóònù bọ àpò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lajú sílẹ̀.

*Áfíríkà lọ ọjà*

Orúkọ tí wọ́n fún mi lọ́jà ni Áfíríkà. "Áfíríkà, ẹ káàárọ̀! Áfíríkà, ẹ wá wo iṣu!" Bí ẹni pé gbogbo ilẹ̀ náà ló wọ ṣòkòtò kan ṣoṣo wá ra ata. Obìnrin kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń wo fíìmù wa. Ó dá mi dúró, ó fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni ìyá ìyàwó burú tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

"Tèmi máa ń fi ẹja ránṣẹ́ sí mi," ni mo wí.

"Ẹja wo?"

"Láti inú ọ̀sà. Ọmọ rẹ̀ kan ṣì ń yan án tà."

"Ẹ bá mi kí i," ló wí, ó sì padà sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé Rónkẹ́ kì í gba ìkíni mi lásìkò yẹn.

Owen ń kọ́ ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Miss Inez. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti ń kọ́ ọ. Yàrá kan ti parí, òmíràn kò lórúlé, búlọ́ọ̀kù díẹ̀ wà nínú koríko. Nílé, láti ìgbà tí èbúté ńlá ti dé Ìbẹ̀jú-Lekki, ilé ń hù bí olú. Ẹni tí tirẹ̀ bá falẹ̀, ojú a máa tì í. Ojú kò ti Owen. Ó to búlọ́ọ̀kù díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó fọ ọwọ́, ó wò ó, ó pa òwe kan tó mú kókò àti agbọ̀n lò. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ yàtọ̀ sí èmi tí mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, kò sì mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Mo ronú lé e. Nígbà tó rí mi, mo bi í nípa òwe ọjọ́ tí mo dé, èyí tó pa nínú ọkọ̀.

"Ìyẹn?" Ó rántí, ó rẹ́rìn-ín. "Èmi ni mò ń bá wí, Pápá. Bí ẹ ṣe ń béèrè pé ṣé a ti dé, eré ti fẹ́ máa wù mí í sá. Ọ̀nà yẹn kì í dárí ji ẹni tó bá ń sáré."

Ohun tí mo rí kọ́ jù lọ níbẹ̀ nìyẹn, ó sì lè jẹ́ èmi nìkan ló ṣàjèjì sí. Lọ́dọ̀ tiwa, òwe dà bí àga àgbà. Kí o tó jókòó níbẹ̀, wàá tọrọ àyè. Níbẹ̀, ó dà bí àdá ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹni tí iṣẹ́ bá dé bá á mú un, á lò ó, á dá a padà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ara rẹ̀ ló ń fi í ro. N kò sọ pé tiwọn dára ju tiwa. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé ìgbà wo ni mo fi èyí tí mo mọ̀ bá ara mi wí gbẹ̀yìn.

*Yàrá Miss Vie*

Ní òdì kejì títì, bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Mas Clifton kú. Ọjọ́ kẹjọ ni tiwa. Ọjọ́ kẹsàn-án ni tiwọn. Láàárín rẹ̀, àwọn èèyàn ń rọ́ wá sílé òkú, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń ta dọ́mínò, wọ́n ń din ẹja. Èmi náà lọ jókòó. Wọ́n bi mí bóyá irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa, mo ní ó wà. Wọ́n bi mí bóyá mo ní ìyàwó. Mo ní mo ní i rí. Ẹnì kan gbé ẹja lé mi lọ́wọ́, kò sì béèrè nǹkan kan mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án, mo tẹ̀ lé Miss Inez àti Tọ́pẹ́ lọ sọ́hùn-ún. Mò ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fàráńdà nígbà tí mo gbójú wọ yàrá, mo sì rí Miss Inez, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì. Kò sí ọmọ Yorùbá tó lè wo ìyẹn. Mo sáré wọlé. "Ẹ fi sílẹ̀, Mà, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e!" Mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Àwọn obìnrin tó kù nínú yàrá ń wò mí. Wọ́n ti fa bẹ́ẹ̀dì kúrò nípò rẹ̀. Mo rò pé wọ́n gbá ilẹ̀ ni. Mo ti bẹ́ẹ̀dì padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, mo wo àpá ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí páákó ilẹ̀, mo tò ó sínú rẹ̀ gẹ́lẹ́ láìyẹ̀. Mo tẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì lé e, mo gbọn ọwọ́.

Ariwo sọ.

"Áfíríkà! Áfíríkà ti dá Clifton padà o!"

Ẹ̀rín pa wọ́n débi pé ẹnì kan jókòó sílẹ̀. Èmi nìkan ni n kò mọ ohun tí mo ṣe. Miss Inez ló ṣàlàyé nígbà tí wọ́n rí èémí mí. Ní ọjọ́ yẹn, wọ́n máa ń yí yàrá olóògbé padà: bẹ́ẹ̀dì, tábìlì, dígí, gbogbo rẹ̀. Bó bá wá yọjú, kò ní mọ ibẹ̀ mọ́, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Èmi wá bá a tẹ́ ibùsùn sí ojú ibi tó mọ̀.

Miss Vie, opó náà, dúró létí fèrèsé. Kò tó mi lọ́jọ́ orí. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi í sílẹ̀," ló wí. "Èmi náà ì bá dá a padà síbẹ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sì bi í, nítorí n kò lè ṣe kí n má bi í, bóyá ó gbà pé Mas Clifton kò ní mọ yàrá náà mọ́.

Ó wo bẹ́ẹ̀dì náà. "Wọ́n ní nítorí tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń sùn níbẹ̀. Tí n bá jí láàárọ̀, ọwọ́ mi á ti máa wá a kí ojú mi tó là. Tí bẹ́ẹ̀dì bá kúrò lójú kan náà, ọwọ́ mi á mọ̀ kí n tó mọ̀."

Mo tẹ̀ mọ́lẹ̀, mo di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú. Òun náà di òdì kejì mú. A tì í dé ara ògiri lápá ọ̀hún.

Nígbà tí mo nàró, Tọ́pẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀, kí ó lè jẹ́ tàwa méjì nìkan. "Dádì, yàrá Mọ́mì ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, sà. Ìyẹn gan-an ni mò ń bi yín."

Miss Inez mú mi lápá bí a ṣe ń padà lọ sílé. Wọ́n kò pa òwe kankan fún mi.

Lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀ nílé, Owen bá mi lábẹ́ igi ìṣin. Èyí tí mo ti ń wò láàárọ̀ láàárọ̀ ti là. Ó dúró níwájú mi bí ọmọ ilé ìwé, ó pa òwe kan, ó sì fi Yorùbá tó wọ́ bí ọ̀nà òkè wọn parí rẹ̀: "Tótó, ó se bí òwe o, Pápá."

N kò ní kọ ohun tó sọ. Èmi ló bá wí, ó sì dé ibi tó ń lọ. Mo dá a lóhùn pé á rí òmíràn pa.

*Ajah*

Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ń dúró pẹ̀lú bírò. Mo sọ ti fèrè ọkọ̀ fún wọn, ti ìṣin, ti búlọ́ọ̀kù Owen. Olórí wọn nawọ́. "Dádì, òwe gan-an ńkọ́?" Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀ ná. Wọ́n wo ara wọn.

Lọ́jọ́ kejì, mo pe Rónkẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀." Ohùn rẹ̀ gbẹ. "Ṣé kò sí?"

"Wá bá mi gbé bẹ́ẹ̀dì."

"Ẹ gbé kí ni?"

"Bẹ́ẹ̀dì. Ti inú yàrá."

Mò ń gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn rẹ̀. "Ṣé kí n mú àwọn ẹbí dání?"

"Mú wọn dání."

Òun nìkan ló wá. Òórùn èéfín ẹja ṣáájú rẹ̀ wọlé. "Wọ́n ń bọ̀ ní Sátidé," ló wí. "Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i ná, kí n má baà kó àwọn àgbààgbà wá wo ilẹ̀kùn."

Kọ́kọ́rọ́ náà le. Nígbà tó yí, òórùn kàǹfọ̀ jáde bá wa. Rónkẹ́ kò sunkún. Ó ré mi kọjá, ó ṣí fèrèsé méjèèjì. "Ẹ̀gbọ́n! Eruku yìí! Ẹ̀gbọ́n mi ì bá lé yín jáde nílé yìí." Ó wá ìgbálẹ̀, ó gbá ilẹ̀. A gbé mátírẹ́ẹ̀sì lé ẹ̀gbẹ́ ògiri, a fa bẹ́ẹ̀dì síta, ó sì gbá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo tì í padà. Mo wo àpá ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí táìlì, mò ń tò ó sínú rẹ̀.

Mo dúró.

"Kí ló dé?" ni Rónkẹ́ wí.

Mo sọ ti Mas Clifton fún un, àti ariwo tó sọ nígbà tí mo dá a padà. Mo rò pé á bá mi káàánú ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ilẹ̀, ó di ikùn mú. "Ẹ dá ọkọ ọlọ́kọ padà! Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sí ìlú onílùú, ẹ dá òkú padà!" Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rẹ́rìn-ín nínú yàrá yẹn.

A ti bẹ́ẹ̀dì dé ara ògiri tó kọjú sí fèrèsé. Kọ́bọ́ọ̀dù bọ́ sí ibi tí dígí wà tẹ́lẹ̀. Àdìrẹ náà wà ní ìsàlẹ̀ àpótí, ó wà ní kíká dáadáa. Rónkẹ́ gbọn ọ́n, ó ró o lé orí aṣọ tó wọ̀ wá, ó sì fà á mọ́ ìbàdí. Mo sìn ín dé géètì. Ó wọ kẹ̀kẹ́, etí àdìrẹ náà sì yọ síta díẹ̀ bó ṣe ń lọ.

Inú yàrá ni mo sùn. Nígbà tí mo jí láàárọ̀, ọwọ́ mi ti nà kí ojú mi tó là. Ògiri ló bá. Ó tutù. Mo fi ọwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ díẹ̀, mò ń gbọ́ kẹ̀kẹ́ tó ń fun fèrè lójú títì.